Bẹ́ẹ̀ Ni ní Èdè Luz

Ní ọdún 2014, Idiat, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó káàkiri Thamesmead nílùú òyìnbó, bẹ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Luz pé kó kọ́ òun ní Tagalog, èdè ilẹ̀ Philippines. Luz ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan."

"'Oo' ni bẹ́ẹ̀ ni. 'Hindi' ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá jẹ́ àgbà, fi 'po' sí i: 'opo', 'hindi po'."

"Tí ọmọdé ò bá wá fi sí i ńkọ́?"

"Ìyá ẹ̀ á gbá a létí."

"Ilé wa nìyẹn!"

Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní ọsibítù tí Luz ti ń ṣiṣẹ́ ló fa ẹ̀kọ́ yìí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń bá a sọ, ṣùgbọ́n Tagalog nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó tó ń bá a gbé ti kú láìbímọ. Bó bá di Thursday, wọn yóò gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó, àfi bó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibòmíràn lòun fẹ́. Yàrá kan ṣófo nílé Idiat ní Yarnton Way.

Ojoojúmọ́ ló ń wá sí ọsibítù láti ibi iṣẹ́, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

"Daddy, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Opo."

"Ṣé ó dùn?"

"Hindi po."

Luz rẹ́rìn-ín. "Ara ẹ̀ ti ń yá. Àmọ́ kí ló ń fi 'po' fún ẹ sí? Àlejò ni àgbà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

"Mo mọ̀," ni Idiat wí.

Lọ́jọ́ Wednesday, Levi dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ káńsù ni, Woolwich ni wọ́n bí i sí.

"Auntie, o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ níṣẹ́ ni? Carer kì í gbé patient lọ sílé o."

"Jẹ́ kí n bi wọ́n ná." Idiat bẹ̀rẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Daddy, ṣé ẹ máa tẹ̀lé mi lọ sílé mi?"

Bàbá náà gbójú sókè wò ó.

"Opo."

Levi mí kanlẹ̀, ó yọ bírò. "Ó dáa. Wọ́n ní kí lo jẹ́ sí i. Kí ni kí n kọ?"

"Kọ 'ọmọ'," ni Idiat wí, "ará Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n, èdè ìyàwó tí wọ́n lọ fẹ́ nígbà tí wọ́n fi èmi àti ìyá mi sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ yẹn."