Kíláàsì Eegun ní Agége

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ sílé. Kí aago tó lù, Sùlíyá á ti dé. Á ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Oko-Ọba pa, á fi téépù kọ́ ọrùn bọ̀, á jókòó sí àga iwájú. Àga náà kéré. Àwọn ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ṣe é fún.

Tíṣà Tẹjú ló ń kọ́ wọn. Ọmọ Èkìtì ni, bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé náà láàárọ̀. Ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, ó fi ara ènìyàn kan hàn wọ́n níbẹ̀, ara tí kò ní irun, tí kò ní orúkọ. Kì í ṣe fọ́tò. Bí Tíṣà bá tẹ bọ́tìnnì, ara náà á yí po, wọ́n á rí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tún un tẹ̀, awọ á ṣí kúrò, ẹran á tẹ̀ lé e, á wá ku eegun.

"Ọkàn, ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn wọ́n," ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. "Kò sí àyè. Eegun ni kẹ́ ẹ mú."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ní. Àwọn mẹ́rìnlá ló bẹ̀rẹ̀; nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́jọ ti dẹ́kun wíwá. Ọ̀kan ní orí òun ò gbà á. Obìnrin kan kàn dìde láàárín ẹ̀kọ́, ó gbé báàgì rẹ̀, kò padà wá mọ́.

Sùlíyá ò mọ̀wé púpọ̀. Orúkọ òyìnbó tí àwọn eegun náà ń jẹ́ ò dúró lórí rẹ̀, ló bá fún wọn lórúkọ tirẹ̀: èyí tó wà níhà àtàǹpàkò, èyí tó wà níhà ìka kékeré. Láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ, á kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì yà wọ́n sórí bébà tó fi ń gé aṣọ.

Ibẹ̀ ni Láídé bá a lọ́jọ́ Ajé. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ni, Opebi ló ń gbé, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tó ti wá kẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ wá ń yà báyìí?"

"Ẹ̀kọ́ ni."

"Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì? Háà, Ìyá Kaothar! Ẹ mà gbìyànjú o. Ẹ ó yege lágbára Ọlọ́run." Ó kó aṣọ rẹ̀ lé orí tábìlì. "Kaothar fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò tíì rí i."

"Àwọn ọmọ ìwòyí," Láídé wí, ó rẹ́rìn-ín.

Sùlíyá wọn èjìká rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó nawọ́ sókè ní kíláàsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, bí apá bá ṣẹ́ ní kékeré, tó sì jinná, ṣé eegun rẹ̀ á ṣì fi hàn?"

"Á fi hàn, Màmá. Ojú ibi tó ti so pọ̀ á wú díẹ̀. Nígbà míì, á wọ́."

"Ẹ fi hàn wá."

Tíṣà yí ara náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fa apá náà súnmọ́ wọn títí tó fi gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n: eegun funfun, tó gún, tó ń dán.

"Kò lè ṣe é," ó wí nígbẹ̀yìn. "Eléyìí ò ṣẹ́ rí. Gbogbo eegun rẹ̀ ló pé."

Sùlíyá dìde, ó na téépù sójú tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà ti ṣàlàyé fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ìwọ̀n ibẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n gidi, ṣùgbọ́n kò dá a dúró.

"Láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́," Sùlíyá wí, "inṣi mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ni mò ń wá."

Tíṣà wolẹ̀.

"Ẹ padà sí eyín," Bàbá Job wí lẹ́yìn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Oǹdó.

"A ti ṣe eyín lọ́jọ́ Ẹtì, sà."

"Ẹ ṣáà padà sí i."

Ó padà sí i.

Lọ́jọ́rú, Tíṣà sọ fún wọn bí ti ọjọ́ kejì yóò ṣe rí. "Wákàtí méjì ni wọ́n fún gbogbo yín. Wọ́n á máa pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kánjú. Bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ tún un wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀."

"Bí a ò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?" Bàbá Job béèrè.

Tíṣà pa kọ̀ǹpútà. "Wọn ò ní pè yín lẹ́ẹ̀kejì, sà."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá méjì ló kó wọn lọ sí Ìkẹjà ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan níwájú ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Sùlíyá di ojú, ó ń fi ìka tọ eegun apá ara rẹ̀, láti ìgúnpá lọ sí ọrùn ọwọ́, láti ọrùn ọwọ́ padà sí ìgúnpá. Bàbá Job ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi jáde.

"Gbogbo ohun tí mo kọ́ ló fò lọ lórí mi," ó wí. "Mo kàn tọ́ka sí ọ̀kan ṣáá."

Wọ́n pe Sùlíyá. Ọkùnrin kan tó gbé rẹ́jísítà lọ́wọ́ béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní kó tẹ̀ka, ó fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Sùlíyá wọ̀ wọ́n. Ó ní òun ti ṣe tán.

Ọkùnrin náà ká aṣọ funfun kúrò lórí tábìlì gígùn tó wà láàárín mọ́ṣúárì náà, ó ní kí ìyá fara balẹ̀ wá ọmọ rẹ̀ nínú eegun àwọn mọ́kàndínlógún tí iná jó mọ́ inú ilé-iṣẹ́ fóòmù, nítorí pé ní ọ̀la ni ìjọba yóò kó gbogbo èyí tẹ́nikẹ́ni ò bá dá mọ̀ sin sínú kòtò kan ṣoṣo.