Ìyá Tó Gbálẹ̀ De Obìnrin Kánsù

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò gùn. Bí ọmọ bá ń dà yín láàmú, ẹ pọ̀n ọ́n kí ẹ máa kà á lọ.

1.
Télọ̀ kan wà tó bí ọmọ kan ṣoṣo, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje. Ọmọ náà kò lè rìn. Gìrì a sì máa gbé e bí kò bá lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń dá jókòó. Ìyá rẹ̀ á gbé e sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ọmọ á máa wo bí aṣọ ṣe ń lọ.

Iṣẹ́ ọkọ télọ̀ yìí jìnnà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti bá ilé ní dídọ̀tí rí, ó wò ó yíká, ó sì sọ ọ́ sí i lójú pé, "Ìyàwó, ọmọ kan ṣoṣo yìí náà lo ò lè tọ́jú kó sanra?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní bá òun nínú ilé tó dọ̀tí mọ́. Kì í sì í sùn o. Wákàtí mẹ́ta ló ń rí sùn lóru, nígbà mìíràn méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lójúde, ẹ ó rò pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń bọ̀.

2.
Kánsù fẹ́ ṣí ilé ìsinmi fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ìyá á gbé ọmọ lọ síbẹ̀, nọ́ọ̀sì á mójú tó o láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ìyá lè rí oorun sùn. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wọlé tọ àwọn ìyá lọ láti béèrè bí nǹkan ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n máa fi pín àyè. Wọ́n fi lẹ́tà sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.

Ibi tí télọ̀ ti ṣì í nìyí. Odindi ọjọ́ méjì ló fi gbálẹ̀, tó nu fèrèsé, tó kó gbogbo aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí pamọ́. Obìnrin alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, tí ọmọkùnrin tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, tí kì í sì í jókòó sójú kan, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Àbúrò mi, ṣé ìyàwó ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá síbí ni?"

"Àlejò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ò ní gbálẹ̀ tiyín ni?"

"Kí wọ́n wá bá mi gbá a. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí náà nìyẹn."

"Ojú ò tiẹ̀ tì yín."

"Ó ti rẹ ojú náà. Kò ráyè àtitijú mọ́."

3.
Obìnrin kánsù dé, ó jókòó, ó mú fọ́ọ̀mù jáde.

"Ìyá, ṣé ẹ máa ń sùn?"

"Mo ń sùn dáadáa, mà."

"Gìrì ọmọ ńkọ́?"

"Ó ti dín kù." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni gìrì gbé ọmọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Bí ó bá rẹ̀ yín, ta ló ń bá yín mójú tó o?"

"Kì í rẹ̀ mí."

Obìnrin náà wo ilé yíká, ó tún wo ojú rẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ kí n kọ? Àyè ọmọ mẹ́wàá péré la ní. Àwọn tó nira fún jù la máa mú."

Ó ku díẹ̀ kí télọ̀ sọ òótọ́. Ó rántí ìyá ọkọ rẹ̀. "Rárá, mà. Mo lè tọ́jú ọmọ mi."

Obìnrin náà ní kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ó buwọ́ lù ú.

Ní yàrá kejì, alágbàfọ̀ ò rí àga tó ṣófo fún àlejò. Ìbéèrè kẹta ló ń dáhùn tó fi sùn lọ.

4.
Ilé ìsinmi ṣí. Wọ́n mú ọmọ alágbàfọ̀, wọn ò mú ọmọ télọ̀.

"Mo sùn lánàá débi pé nígbà tí mo jí, mi ò mọ ọjọ́ tó jẹ́," ni alágbàfọ̀ wí. "Lọ bá wọn, kí o sọ òótọ́ fún wọn."

"Kí n lọ sọ pé irọ́ ni mo pa? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, ẹ̀gbọ́n."

Oṣù márùn-ún kọjá bẹ́ẹ̀.

5.
Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, ó gbé ìgò oògùn, ó fẹ́ rọ ọ́ sínú ṣíbí. Oníbàárà kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ìgò sílẹ̀. Nígbà tó padà, ó dá a lójú pé òun ti fún ọmọ lóògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ara tó ti rẹ̀ máa ń tanni. Nígbà tó dọ̀sán, ó gbé orí lé maṣíìnì, oorun gbé e lọ. Ó jí, ọmọ ń gbọ̀n nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú. Òun àti alágbàfọ̀ ló gbé e dé ọsibítù.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni dókítà béèrè.

Kò mọ̀.

"Ṣé ó lo oògùn láàárọ̀?"

"Mo rò pé mo fún un."

Ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n gìrì yẹn pẹ́ lára rẹ̀ jù. Kò lè dá jókòó mọ́ títí dòní, ọrùn rẹ̀ ò sì dúró.

6.
Télọ̀ padà lọ sí kánsù. Obìnrin ọjọ́sí wá fọ́ọ̀mù náà jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni, mà."

"Mi ò lè yọ ọmọ ẹlòmíràn kúrò. Ọdún tó ń bọ̀ la tún máa pín àyè. Màá kọ orúkọ yín mọ́ àwọn tó ń dúró."

Télọ̀ ò jà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò kì í sùn."

Obìnrin náà kọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá béèrè, ẹ má sọ ọjọ́ tó dára fún wọn. Ọjọ́ tó burú jù ni kí ẹ sọ, torí ìyẹn ni wọ́n á fi ṣètò. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá kan tó máa ń ní kò séwu. Kò sí ẹni tó máa gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín nítorí pé ó rẹ̀ yín. Ẹ yanu sọ ọ́, nígbà tí ẹni tó ń bi yín léèrè ṣì mú bírò lọ́wọ́.