Gbọ̀ngàn Òwò Tí Òpó Kún Inú Rẹ̀

Orí ìdúró ni a ti ń ta irun àgùntàn ní ìlú wa, Cragthwaite. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn oníṣòwò a dúró níta, níwájú ilé oúnjẹ Ìyáàfin Ogden, oníkálukú lórí òkúta tirẹ̀, òjò a sì máa pa wọ́n. Bí òtútù bá mú wọn tán, wọ́n á wọlé jẹ páì.

Ṣùgbọ́n ìlú Bradford tó wà nítòsí kọ́ gbọ̀ngàn òwò, Alága ìlú wa, Jabez Murgatroyd, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, kò sì rí oorun sùn mọ́. Òun àti àwọn ọlọ́lá yòókù dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, wọ́n gbowó lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n sì yan ilẹ̀. Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ ilé oúnjẹ Ìyáàfin Ogden. Ayálégbé ni, onílẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Opó ni. Opó ló ti jẹ́ kí Ogden tó fẹ́ ẹ wá láti ìlú Halifax, Ogden náà sì tún kú. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ní nǹkan mìíràn láyé ju ilé oúnjẹ yẹn lọ. A káàánú rẹ̀ gan-an, a sì ra ìpín nínú kọ́ńpìnnì náà.

Nítorí pé kò síbi tí oúnjẹ ti dùn tó tirẹ̀, yàrá òkè rẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ti ń jíròrò bí wọ́n ṣe máa wó o. Wọ́n gba ayàwòrán ilé kan láti London, Ọ̀gbẹ́ni Lucas Thackray, onírùngbọ̀n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Owó iṣẹ́ tó bèèrè kéré débi pé Murgatroyd rò pé òun ló gbọ́n.

Obìnrin náà gbé páì síwájú wọn. Àlùbọ́sà wà nínú gbogbo rẹ̀ àfi ti Thackray, ìyẹn sì jẹ tirẹ̀ mọ́ àwo.

"Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi sún ilé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀."

Thackray kò gbójú sókè. "Ìyáàfin, èmi kọ́ ni mo nilẹ̀. Ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

"Ẹ gbọ́ ọmọ London," ni Murgatroyd wí. Inú rẹ̀ dùn. "Kì í wojú ẹnikẹ́ni."

Obìnrin náà fi aṣọ ìdáná nu ojú. "Kò burú. Kí n tó lọ, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni: òpó ta ni yóò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù?"

Ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ìdí òpó ni oníṣòwò ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni oníbàárà ti ń wá a. Kò sẹ́ni tó tíì ronú kan ibi tí òpó ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wà.

"Tèmi ni," ni Murgatroyd wí.

"Lójú ta ni?" Enoch Sugden tó ń bá a du ipò alága láti ọjọ́ pípẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìwọ tí irun àgùntàn rẹ ń rùn?"

"Ó rùn, àwọn oníbàárà rẹ ló sì ń rà á."

"Ó ṣe é ṣe," ni Thackray wí, ó sì ya òpó méjì sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn yòókù gbọ́, ta ló fẹ́ wà lẹ́yìn? Ìpàdé dé, òpó pọ̀ sí i. "Ó ṣe é ṣe," ni Thackray ń wí, yóò sì tún àwòrán yà. Kọ́ńpìnnì ló ń sanwó àwòrán, òun náà ló ń sanwó páì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Nígbà tí àwọn tó ra ìpín bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn ò tíì rí búlọ́ọ̀kù kan, obìnrin náà tún ṣoore. "Mo ní àgbá ọtí tó ṣófo. Ẹ tò wọ́n síta bí òpó, kí aráàlú fojú ara wọn rí gbọ̀ngàn náà."

"Obìnrin yìí mà níwà o," ni Sugden wí. Thackray fọwọ́ ara rẹ̀ wọn àlàfo àárín wọn, kò sì ṣàṣìṣe rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n to àgbá náà síta, wọ́n fun fèrè. Murgatroyd fi ẹ̀wọ̀n oyè kọ́rùn, ó wọ àárín àgbá láti lọ dúró sídìí òpó rẹ̀, ó sì há. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Sugden gba ọ̀nà kejì wọlé láti wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà há. A rẹ́rìn-ín títí a fi rántí pé owó wa ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi páì kan gba ìpín kọ́ńpìnnì náà mọ́.

Báyìí, yàrá òkè obìnrin náà ni wọ́n ti ń ta irun àgùntàn, oníkálukú nídìí tábìlì tirẹ̀, wọ́n sì ń sanwó ìjókòó.

"Orí yín ló bá yín ṣe é," ni Murgatroyd wí fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tú kọ́ńpìnnì ká. "Ayàwòrán radaràda yẹn ló bà wá jẹ́."

"Ẹ má bú u, ọmọ ẹni kan ni," ni obìnrin náà wí, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé páì tí kò ní àlùbọ́sà wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Lucas Thackray ti bọ́ bàtà, tó na ẹsẹ̀ síbi iná, tó sì ń bi í pé, "Màmá, ṣé wọ́n ti lọ?"