Ìbọn Tó Máa Débẹ̀

Ìgbà kẹta nìyí tí olórí ọdẹ Igbemọ yin ìbọn ńlá náà, síbẹ̀ ọta kò kan igbá funfun tí Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ so mọ́ ọ̀pẹ lódìkejì odò. Èjìká rẹ̀ ti wú. Bí ó bá tàsé báyìí níwájú àwọn ọdẹ Ìjàn níbi ìdíje lọ́la, oyè yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìbọn yìí náà kò débẹ̀,” ó wí. “Ṣé o ò ní èyí tó tóbi jù ú lọ ni?”

Bámgbóyè, alágbẹ̀dẹ Òkè-Ìlá tó rọ ọ́, mi orí. “Kò sí mọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ṣakabùlà yín àtijọ́ dán an wò.”

“Ìyẹn ni kò tiẹ̀ lè dé etí odò!”

Alágbẹ̀dẹ ki ẹ̀tù àti ọta sí i, ó fojú sun igbá, ó yìn ín. Igbá fọ́ yángá, àfọ́kù rẹ̀ sì dà sínú odò.

Alágbẹ̀dẹ wo Àyọ̀kẹ́. Àyọ̀kẹ́ náà ń wo àfọ́kù igbá tí omi ń gbé lọ.

Olórí ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. “Mo wí fún ọ! Mo ní kò lè débẹ̀.”

Ó tún gbé ìbọn ńlá náà lé èjìká tó wú, ó di ojú kan, ó sì ń fi èkejì wá igbá tó ti fọ́ náà kiri.