Adìmọ́ni Ojú Ọ̀nà Kẹrin

Kí ìbọn tó dún níbi eré ìje àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ ni adìmọ́ni ojú ọ̀nà kẹrin ti na apá méjèèjì bí igún tó fẹ́ fò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó dì mọ́ Lorna, ẹni ọdún méjìlélógójì, bó bá ti sáré dé ìlà òpin. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti sọ fún pé òun ń lọ ṣàánú àwọn aláìlera.

Ìbọn dún. Lorna dé bí ìjì, ó gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, kò dúró. Ọ̀gbẹ́ni wa fi eré lé e, ikùn ṣíwájú.

“Àǹtí Lorna, ẹ dúró! Èmi ló yẹ kí n dì mọ́ yín!”

Orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì omi ọsàn. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tó lajú, Lorna ti kúnlẹ̀ tì í pẹ̀lú ife omi.

“Ẹ rọra mu ún, bọ̀ọ̀dá.”

“Mo wá ràn yín lọ́wọ́ ni o.”

“Mo mọ̀. Kóòṣì ti pín yín fún wa láàárọ̀, pé kí kálukú mójú tó tirẹ̀ kó má bàa ṣèṣe.” Ó dì mọ́ ọn, ó gbọn koríko kúrò lára rẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. “Èyí tí wọ́n fún mi lọ́dún tó kọjá kò ṣubú.”