Irọ́ Tí Zakariyya Pa

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1996 ni lẹ́tà náà dé. Zakariyya ló rí i nínú àpótí lẹ́tà apartment wọn ní Alief, nílùú Houston: orúkọ Nusaiba ọmọ rẹ̀, òǹtẹ̀ yunifásítì kan ní Singapore. Ó mọ̀ pé ọmọ ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nìyẹn. Ó jókòó sínú takisí tó ń wà, ó fa lẹ́tà náà ya láìṣí i, tòun ti àpò rẹ̀, ó sì lọ dà á sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ilé-epo kan lọ́nà Richmond.

Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ọdún 1978 lòun fúnra rẹ̀ kúrò ní Ìwó wá kàwé ní Houston. Nígbà tí iṣẹ́ epo tó ń ṣe dẹnu kọlẹ̀ tí wọ́n dá a dúró, Nusaiba nìkan ló kù tó fi ń yangàn. Òun ló gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀. Yunifásítì kan nílùú níbí ti gbà á, síbẹ̀ ó ní Singapore lòun ń lọ.

"Dádì, àwọn professor tó kọ ìwé tí mò ń kà, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ," ni Nusaiba wí. "Gbogbo ayé ló ń du ibẹ̀ báyìí."

"Àwọn èèyàn ń ta ilé ta ilẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ìwọ fẹ́ ti Amẹ́ríkà lọ sí Éṣíà. Kí ni kí n sọ ní mọ́ṣáláṣí?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fa lẹ́tà náà ya, Zakariyya sọ fún ọmọ rẹ̀ pé lẹ́tà ti dé.

"Wọn ò gbà ọ́. Inú bí mi, mo fà á ya."

Nusaiba wò ó títí. "Ó dáa, Dádì," ló wí. Ó wọ yàrá lọ.

Ó wọ yunifásítì ti Houston, ṣùgbọ́n kí oṣù kejìlá tó dé, kò lọ sí kíláàsì mọ́. Làdíátù, ìyá rẹ̀, a bá a lórí ibùsùn lọ́sàn-án gangan, kò wẹ̀, kò jẹun. Ó ní òun ti ń tan ara òun jẹ pé òun mọ̀wé. Nígbà tó yá, ó gba iṣẹ́ ní daycare kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọdé. Ó rù títí egungun ọrùn rẹ̀ fi yọ. Zakariyya kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, a gba ilé ìdáná jáde.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ó pe ìyá àtọmọ jókòó.

"Nusaiba, irọ́ ni mo pa fún ọ. Wọ́n gbà ọ́."

Làdíátù káwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá Nusaiba, ẹ pa ọmọ mi!"

Nusaiba kò sunkún. Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti oṣù mélòó kan. "Wọ́n gbà mí," ló wí. "Wọ́n gbà mí." Lẹ́yìn náà lẹ̀rín náà kú. "Ẹ má pè mí lọ́mọ yín mọ́."

Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ láìsí àbọ̀. Ó ní òun á dúró níwájú àwọn aláṣẹ yunifásítì náà, òun á sọ ohun tí bàbá òun ṣe, wọ́n á sì dá àyè òun padà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló gbé e dé pápákọ̀ òfurufú lọ́nà Humble. Kò kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ kó tó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Singapore, tí ọkọ̀ òfurufú ọmọ rẹ̀ ṣì wà lórí òkun, Zakariyya pe yunifásítì náà. Ó fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀bi lè wà lórí òun. Obìnrin tó gbé fóònù fetí sí i dópin, ó béèrè orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní kó dúró. Zakariyya ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé.

"Sà," ni obìnrin náà wí nígbà tó padà, "ohun tí ẹ ń bẹ̀ wá fún kò yé mi: lẹ́tà tí a kọ sí Nusaiba lọ́dún tó kọjá, a fi sọ fún un pé a ò lè gbà á ni."