Ìdúró Fulvia ní Sanremo

Ní Sanremo nílẹ̀ Ítálì, awakọ̀ Ermanno àti Delfina, ẹni tó ń ṣọ́ aago fún un, dá Fulvia, ọkọ̀ kékeré wọn, dúró nítòsí tábìlì ìparí rálì, eré-ìje ọkọ̀ lójú pópó.

Bí wọ́n bá pàdánù, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà kò ní jẹ́ kó díje mọ́.

Galvani, gbajúmọ̀ pápá eré-ìje, gbé ọkọ̀ ńlá kọjá wọn fìì.

"Ẹ kú ìsinmi o! Ẹ gbé páànù yẹn fún alágbẹ̀dẹ!"

Èrò bú sẹ́rìn-ín.

"Delfina, jẹ́ ká lọ!"

"Fara balẹ̀. Ariwo ẹnu rẹ̀ kọ́ là ń lé."

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n rọra dé ìdí tábìlì.

Akọ̀wé tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé wọn, ó wá kọjú sí Galvani tó ti débẹ̀ ṣáájú.

"Sìnyọ̀ Galvani, ní rálì, ẹni tó bá dé ṣáájú ìṣẹ́jú tí a kọ fún un, máàkì là ń yọ lára rẹ̀. Fulvia dé ní ìṣẹ́jú tirẹ̀ gẹ́lẹ́, òun ló gba ipò kìíní."